Egbò Tí Kì Í Dun Ọmọ: Bí Míkírósíkóòpù Ṣe Tú Àṣírí Àìsàn Buruli, Láti Australia Títí Dé Pobẹ̀

Ìtàn tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ìtàn ọba, kì í sì í ṣe ìtàn ogun àwọn ará Dàhọ̀mì. Ìtàn egbò kan ni. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin, nítorí ọ̀rọ̀ apá àti ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa ni.

Bí ẹ bá dàgbà sí ẹ̀bá àbàtà, ní agbègbè odò Ouémé tàbí ní àwọn abúlé olómi lápá Pobẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i rí. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi kókó kékeré lábẹ́ awọ, lápá tàbí lẹ́sẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ó le, ó sì ń yẹ̀ lábẹ́ ìka. Kò dun ọmọ. Ọmọ ń sáré kiri, ó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ pọn omi, ìyá rẹ̀ á ní bóyá kòkòrò ló jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ojú kókó náà á là, ó di egbò. Egbò náà á máa fẹ̀. Etí rẹ̀ á dà bí etí ihò tí eku gbẹ́, nítorí abẹ́ awọ ló ti ń jẹun lọ. Síbẹ̀ ọmọ kò ní ibà, kò sì sunkún. Nínú gbogbo àwọn tí àìsàn yìí ń bá jà ní ilẹ̀ Áfíríkà, bí ìdajì wọn ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15.

Egbò tó ń jẹ ẹsẹ̀ ọmọ, tí ọmọ kò sì ké: kí ni kí àwọn àgbà wa pè é? Wọ́n ní àṣàsí ni. Wọ́n ní èpè ni, tàbí ọwọ́ ayé. Àwọn mìíràn kàn pè é ní egbò àdáàjìnná, wọ́n wẹ̀ ẹ́ ní ewé àti egbò igi, wọ́n sì fi ọmọ pamọ́ sí ìyẹ̀wù kí ará àdúgbò má bàa rí i. A kò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ohun tí ojú lásán rí ni wọ́n fi ṣe ìdájọ́, ohun tí ojú lásán sì rí kò yé ẹnikẹ́ni. Àwọn dókítà òyìnbó pàápàá rí i, kò yé wọn. Ìgbà tí wọ́n gé díẹ̀ nínú ẹran egbò náà, tí wọ́n pa á láró, tí wọ́n gbé e sábẹ́ awò, ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé.

ẸRAN ARA BÍ AṢỌ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ọmọ ènìyàn ṣe kọ́ láti máa wá àìsàn nínú ẹran ara fúnra rẹ̀.

Ní ìlú Paris, ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà kan wà tó ń jẹ́ Xavier Bichat. Ó máa ń la òkú láti mọ ohun tó pa wọ́n. Ó wá rí i pé kì í ṣe gbogbo ọkàn tàbí gbogbo ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣàìsàn lẹ́ẹ̀kan náà. Oríṣi ẹran kan nínú wọn ló ń bàjẹ́, tí àwọn yòókù á sì wà bí wọ́n ṣe wà. Ó ka oríṣi ẹran bẹ́ẹ̀ 21 nínú ara ènìyàn, ó sì pè wọ́n ní «tissu». Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọjà ní Dantokpa mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa: aṣọ ni. Lójú Bichat, a hun ara ènìyàn bí a ṣe ń hun aṣọ, àìsàn sì jẹ́ ibi tí òwú ti já. Ojú lásán ló fi ṣe gbogbo èyí. Nígbà tó kú ní 1802, kò tíì pé ọmọ ọdún 31.

Awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá ti wà ṣáájú rẹ̀ o. Oníṣòwò aṣọ kan ní ìlú Delft ní Netherlands, Antoni van Leeuwenhoek, ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe awò kéékèèké tó lágbára gan-an. Láàárín ọdún 1670 sí 1680 ló fi wọ́n wo omi, tó sì rí àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-tìn-tín tí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí 200 ọdún lẹ́yìn náà kí míkírósíkóòpù tó di irinṣẹ́ tí gbogbo ilé ìwòsàn ńlá gbọ́kàn lé.

Ẹni tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀ jù lọ ni Rudolf Virchow ti ilẹ̀ Jámánì. Ní 1858 ó gbé ìwé kan jáde tó yí iṣẹ́ ìṣègùn padà. Ó ní ara ènìyàn dà bí ìlú, àwọn sẹ́ẹ̀lì ni ará ìlú, kò sì sí sẹ́ẹ̀lì tí kì í ṣe ọmọ sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Bí ìlú bá dàrú, ẹ lọ wo àwọn ará ìlú. Láti ọjọ́ náà ni wíwo ẹran aláìsàn lábẹ́ awò ti di ẹ̀kọ́ tó dá dúró.

Virchow yìí kan náà ni ìjọba rán lọ sí Upper Silesia ní 1848, níbi tí àjàkálẹ̀ ibà kan ti ń pa tálákà. Ó padà wá sọ fún ìjọba pé ebi, òṣì, àìmọ̀wé àti ìṣàkóso tí kò dára ló wà nídìí àjàkálẹ̀ náà. Inú ìjọba kò dùn sí i. Ọkùnrin tó kọ́ ayé láti máa wo sẹ́ẹ̀lì, òun náà ló ní ká má gbàgbé ilé tí aláìsàn ń gbé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

IṢẸ́ ALÁRÓ

Báwo ni wọ́n ṣe ń wo ẹran lábẹ́ awò? Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ mọ iṣẹ́ aró, ọ̀rọ̀ yín ló kàn.

Wọ́n á gé ẹran díẹ̀ níbi egbò, kò ju èkúté ìka lọ. Wọ́n á rì í sínú formalin kó má bàa jẹrà, ọgbọ́n tí ayé mọ̀ láti ọdún 1893. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fa omi inú rẹ̀ gbẹ, wọ́n á fi ìda tó ti yọ́ rọ́pò omi náà. Bí ìda bá dì, ẹran náà le tó láti gé. Ọ̀bẹ tó mú ju abẹ lọ ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ, pẹlẹbẹ, pẹlẹbẹ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá fọ́nrán irun orí. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wò ó báyìí, ẹ kò ní rí nǹkan kan, nítorí ẹran tó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò ní àwọ̀. Àfi kí wọ́n pa á láró. Aró àkọ́kọ́ wá láti ara igi kan ní Mẹ́síkò àti àwọn ilẹ̀ itòsí rẹ̀, igi tí àwọn aláró Yúróòpù ti ń fi pa aṣọ láró tipẹ́ bí àwa ṣe ń lo èlú. Aró yìí máa ń mú kóróro àárín sẹ́ẹ̀lì, ó sì ń sọ ọ́ di àwọ̀ aró tó dúdú. Aró kejì pupa bí òdòdó, gbogbo ara sẹ́ẹ̀lì tó kù ló sì ń mú. Bí méjèèjì bá ti wọlé, ẹran tí kò ní àwọ̀ yóò di àdìrẹ: ẹ ó rí ibi tí ó wà láàyè, ibi tí ó ti kú, àti ibi tí àwọn ọmọ ogun ara péjọ sí.

Aró kẹta tún wà, òun sì ni kókó ìtàn yìí. Àwọn ará Jámánì méjì, Franz Ziehl àti Friedrich Neelsen, ló ṣe é ní ọdún 1882 sí 1883. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí ìda bo ara wọn, tí aró lásán kì í mú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbóná aró pupa náà, yóò wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ásíìdì fọ̀ ọ́. Gbogbo nǹkan yòókù á ṣí, ti kòkòrò oní-ìda yìí kò ní ṣí. Ẹ mọ̀ pé ojúlówó aró ni èyí tí a fọ̀ tí kò ṣí. Bí wọ́n ṣe ń mọ kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe ń mọ kòkòrò ẹ̀tẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn méjì wọ̀nyí ni gbogbo ayé mọ̀ pé ó ń fi irú ìdílé bẹ́ẹ̀ bá ènìyàn jà jù. Wọn kò mọ̀ pé àbúrò wọn kan wà nínú àbàtà.

AUSTRALIA, 1948

Láti 1897 ni dókítà míṣọ́nnárì kan, Albert Cook, tó dá ilé ìwòsàn Mengo sílẹ̀ ní Uganda, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí àwọn egbò ńlá kan tí etí wọn ṣófo lábẹ́. Ó rí i, ó kọ ọ́, ó parí síbẹ̀. Ojú lásán kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti là jìnnà sí Áfíríkà. Ní agbègbè Bairnsdale, ní ìpínlẹ̀ Victoria ní Australia, àwọn àgbẹ̀ kan àti àwọn ọmọ wọn ń ní egbò tí kò jinná. Wọ́n fi ẹran egbò náà ránṣẹ́ sí Melbourne. Peter MacCallum, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ẹ̀kọ́ àìsàn ẹran ara, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó fi mọ́ obìnrin onímọ̀ kòkòrò kan, Jean Tolhurst, pa á ní aró Ziehl àti Neelsen. Àwọn kòkòrò pupa yọ lábẹ́ awò, kì í ṣe ọ̀kan tàbí méjì, òkìtì-òkìtì ni.

Ṣé ikọ́ ẹ̀gbẹ ti awọ ara ni? Ṣé ẹ̀tẹ̀ ni? Ẹran náà ní rárá. Bí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ bá wọ ẹran, àwọn ọmọ ogun ara á péjọ, wọ́n á yí i ká bí ìgbà tí ìlú mọ odi. Níbí, kò sí odi. Kòkòrò pọ̀ jọjọ, ẹran ti kú lọ súà, ọmọ ogun kò sì wá. Wọ́n gbìyànjú láti mú kòkòrò náà dàgbà nínú ìgò bí wọ́n ṣe ń mú ti ikọ́ ẹ̀gbẹ dàgbà, ní ooru ìwọ̀n 37 tí inú ara ènìyàn ní. Kò dàgbà. Nígbà tí wọ́n dín ooru kù sí nǹkan bí 33 ló tó hù. Ìyẹn ló jẹ́ ká mọ ìdí tí kì í fi í wọ ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, tó jẹ́ awọ apá àti ẹsẹ̀ ló ń bá jà: ibẹ̀ ló tutù díẹ̀. Ní 1948 ni wọ́n kéde rẹ̀ fún ayé pẹ̀lú ìtàn ènìyàn 6. Orúkọ tí kòkòrò náà wá ń jẹ́ ni Mycobacterium ulcerans, ìyẹn adá-egbò-sílẹ̀.

UGANDA: ẸRAN TÓ KÚ LÁÌ RÍ APANI

Láàárín ọdún 1960 sí 1970, egbò yìí pọ̀ gan-an ní agbègbè kan létí odò Náílì ní Uganda. Buruli ni orúkọ agbègbè náà, ibẹ̀ ni orúkọ tí gbogbo ayé ń pe àìsàn náà ti wá.

Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó wà ní Kampala ní àwọn onímọ̀ àyẹ̀wò ẹran ara tó mọṣẹ́. Ní 1966, Daniel Connor àti Fletcher Lunn tẹ àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lórí ará Uganda 38 jáde. Wọ́n wo ẹran náà láti etí egbò lọ sí inú awọ tó dà bíi pé ó dá ṣáká. Ohun tí wọ́n rí nìyí. Ọ̀rá abẹ́ awọ ti kú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá náà ṣì dúró sí ààyè wọn, ẹ ṣì lè rí ìlà ara wọn, ṣùgbọ́n kò sí kóróro nínú wọn mọ́, bí abúlé tí ogun kó, tí ògiri ṣì dúró tí kò sí ẹni kankan nínú ilé. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ti dí. Àwọn kòkòrò pupa kó ara wọn jọ sí àárín òkú ọ̀rá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di àdììtú ni èyí: ikú ẹran náà gbòòrò ju ibi tí kòkòrò wà lọ. Ẹ ó rí ẹran tó ti kú níbi tí kòkòrò kan ṣoṣo kò sí. Kí ló pa á nígbà náà? Àwọn méjèèjì sọ pé kòkòrò yìí ní láti máa tu oró kan tó ń ṣàn lọ jìnnà sí i, bí ejò ṣe ń buni jẹ lẹ́sẹ̀ tí oró sì ń gun ara lọ. Kò sí ẹni tó tíì rí oró náà. Ẹran abẹ́ awò ni wọ́n fi mọ̀ pé ó wà.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ náà gbọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Egbò tí ẹ rí bí ọmọ owó lórí awọ lè jẹ́ àwo ńlá lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá gé ibi tí ojú rí nìkan, ó ń padà wá. Nítorí náà wọ́n ní kí wọ́n máa gé e kọjá ibi tó kú, títí dé ẹran tó ń ṣẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì bu awọ láti ibòmíràn lẹ̀ ẹ́. Fún ohun tó lé ní 30 ọdún, abẹ ni ìtọ́jú tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Ó gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n kò rọrùn. Ọmọ á lo oṣù púpọ̀ nílé ìwòsàn, ìyá á fi oko àti ọjà sílẹ̀ tẹ̀lé e, ilé ìwé á kọjá lórí rẹ̀. Àwọn mìíràn padà délé pẹ̀lú orúnkún tí kò ṣeé ká mọ́. Wọ́n gé ẹsẹ̀ àwọn mìíràn. Bí òkìkí ìyẹn ṣe kàn, àwọn òbí túbọ̀ ń fi ọmọ pamọ́, ìgbà tí wọ́n bá sì fi máa gbé wọn jáde, egbò ti gba gbogbo ẹsẹ̀.

Ó DÉ ỌDỌ̀ WA

Ó ti wà lọ́dọ̀ wa kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú ìwé. Ní 1990 ni ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé ìròyìn jáde nípa àìsàn Buruli ní Bẹ̀nẹ̀. Ní 1996, wọ́n tẹ ìròyìn àwọn aláìsàn àkọ́kọ́ tí wọ́n rí ní Tógò jáde. Nínú àwọn tó kọ ti Tógò yìí ni Wayne Meyers wà, ará Amẹ́ríkà tó lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí wíwo ẹran àwọn aláìsàn ẹ̀tẹ̀ àti Buruli lábẹ́ awò, àti Françoise Portaels ti ìlú Antwerp ní Bẹ́ljíọ̀mù.

Ní oṣù keje ọdún 1998, wọ́n péjọ sí Yamoussoukro ní Côte d'Ivoire, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fi àìsàn yìí sára ohun tí yóò gbájú mọ́. Ní 2009, Cotonou tiwa ni wọ́n péjọ sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣe ìkéde kan tí wọ́n fi ìlú náà pè.

Ṣùgbọ́n Pobẹ̀ ni ibi tí ìtàn yìí ti kàn wá jù. Ní 2003 ni wọ́n ṣí ibùdó kan síbẹ̀ fún àyẹ̀wò àti ìtọ́jú egbò Buruli, pẹ̀lú owó ìrànlọ́wọ́ Fondation Raoul Follereau ti ilẹ̀ Faransé. Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ dókítà ló gbà pé oògùn kò ran egbò yìí, pé abẹ nìkan ló kù. Ẹ wo ìdí tí wọ́n fi rò bẹ́ẹ̀: bí òpó ẹ̀jẹ̀ bá ti dí, tí ọ̀rá sì ti kú, ọ̀nà wo ni oògùn máa gbà débẹ̀? Ohun tí wọ́n rí lábẹ́ awò ló ń dẹ́rù bà wọ́n.

Ní 2004, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n gbìyànjú oògùn méjì pa pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 8: rifampicin tí wọ́n ń gbé mì, àti streptomycin tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún. Pobẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dán an wò gidi. Ní 2007, àwọn dókítà ibẹ̀, Annick Chauty ló ṣáájú wọn, kéde àbájáde. Nínú aláìsàn 224 tí wọ́n fún lóògùn náà, 215 ló rí ìwòsàn. Nínú 215 yìí, 102 jinná pẹ̀lú oògùn nìkan, abẹ kò kàn wọ́n. Nígbà tí wọ́n sì wá àwọn tó jinná kàn lẹ́yìn ọdún kan, ènìyàn 3 péré ni egbò náà padà mú nínú 208 tí wọ́n rí.

Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ènìyàn 102, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ wa, tó jẹ́ pé bí ọdún díẹ̀ ṣáájú ni, abẹ ì bá gé ẹran wọn. Ìlú Pobẹ̀ ni gbogbo ayé ti kà nípa rẹ̀. A kì í sọ irú nǹkan báyìí tó nígbà tí a bá ń ka oríkì ìlú wa.

Lọ́dún kan náà, àwọn onímọ̀ kan gbé ẹran egbò tí wọ́n ti fi oògùn méjèèjì tọ́jú sábẹ́ awò. Ibi tó dákẹ́ tẹ́lẹ̀ kò dákẹ́ mọ́. Àwọn ọmọ ogun ara ti ya wọlé, wọ́n ti kó ara wọn jọ lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́. Oògùn kò dá nìkan jà o. Ó dá kòkòrò dúró, oró dín kù, ara ẹni náà sì dìde jà fúnra rẹ̀.

Láti ìgbà náà, wọ́n tún ti tẹ̀ síwájú. Streptomycin lè ba etí jẹ́, abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ sì máa ń dun ọmọ. Ní Gánà àti Bẹ̀nẹ̀, wọ́n fi clarithromycin tí wọ́n ń gbé mì wé e, wọ́n sì kéde ní 2020 pé kò kéré sí i. Ní báyìí, oògùn àgbémì ni ìtọ́jú náà, ọ̀sẹ̀ 8 náà ni.

ORÓ TÓ Ń PA ARIWO MỌ́ ẸRAN LẸ́NU

Kí wá ni oró tí Connor àti Lunn sọ? Ní 1999, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ Pamela Small, rí i mú nígbẹ̀yìn. Wọ́n pè é ní mycolactone. Wọ́n fún ẹranko ní oró yìí nìkan, láìsí kòkòrò, egbò yọ. Ohun tí ẹran abẹ́ awò ti sọ láti bí ọdún 30 ṣáájú jẹ́ òótọ́.

Ní 2014, nǹkan méjì tún yé. Àkọ́kọ́, oró yìí máa ń dí ẹnu ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ síta. Sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó ké pe ọmọ ogun kò rí ohùn ké. Ìdí nìyẹn tí MacCallum kò fi rí odi. Ìkejì, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé kan fi hàn nínú eku pé oró náà ń mú kí iṣan tí ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ kú tipiri. Kì í ṣe àṣàsí ló ń mú kí ọmọ má sunkún. Oró náà ló pa ìrora mọ́ ọn lára.

Ẹ ò rí i báyìí pé àwọn àgbà wa kò ṣàṣìṣe nígbà tí wọ́n ní egbò yìí kì í ṣe egbò lásán. Wọ́n rí i dáadáa pé nǹkan kan farasin nínú rẹ̀ tó ń jẹ ọmọ láìfọhùn. Ibi tí wọ́n wá a sí ni kò tọ́. Wọ́n ń wo ojú ìyàwó kejì, wọ́n ń wo ojú arábìnrin bàbá, inú ọ̀rá abẹ́ awọ ni ọ̀tá wà. Mélòó nínú ìyá arúgbó ni wọ́n ti pè ní àjẹ́ nítorí egbò yìí? Mélòó ni ẹbí tó ti tú ká? Ìyẹn náà wà lára ohun tí àìsàn yìí jẹ, awò kò sì lè fi í hàn.

OHUN TÓ KÙ

Títí di òní, ayé kò tíì fẹnu kò lórí bí kòkòrò yìí ṣe ń wọ ara ènìyàn ní ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n mọ̀ pé ó fẹ́ràn ibi tí omi dúró sí. Ní 2008, Portaels àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn ti mú un dàgbà láti ara kòkòrò kan tí ń rìn lójú omi, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rí i mú láàyè níta ara ènìyàn àti ẹranko, Bẹ̀nẹ̀ níbí ni wọ́n sì ti mú kòkòrò omi náà. Ní Australia, ẹ̀fọn ni gbogbo ẹ̀rí ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n kì í ràn láti ara ọmọ kan sí òmíràn bí èkúrú. Ẹ má lé ọmọ yín kúrò lórí ẹní.

Ẹ rántí Virchow ní Silesia. Ta ni egbò yìí ń bá jà? Ọmọ tó ń wọ àbàtà lọ pọn omi nítorí kò sí ẹ̀rọ omi lábúlé. Àgbẹ̀ ìrẹsì tó dúró nínú irà látàárọ̀. Ẹni tí ilé ìwòsàn jìnnà sí. Awò lè fi ọ̀tá hàn wá, oògùn lè pa á, síbẹ̀ kànga tó mọ́ àti ọ̀nà tó dára náà jẹ́ oògùn.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò pọ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bí ẹ bá rí kókó lára ọmọ tí kò dùn ún, tàbí ibi kan tó wú tó sì le gbagidi, tàbí egbò tí etí rẹ̀ ṣófo lábẹ́, ẹ má dúró dìgbà tó bá dùn ún. Kò ní dùn ún. Àìdùn rẹ̀ gan-an ni àmì. Ẹ gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti lè yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó ṣì jẹ́ kókó, oògùn ọ̀sẹ̀ 8 lè tán an, tí kò fi ní sí àpá ńlá kankan.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé ní abúlé, tí ìyá yín àgbà kò mọ̀wé, ẹ kà á sí wọn létí. Ẹ sì bi wọ́n léèrè orúkọ tí wọ́n ń pe egbò yìí ní ìlú yín láyé àtijọ́, kí ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ níbí fún wa. Orúkọ tó wà ní Kétu lè yàtọ̀ sí ti Ṣábẹ̀ẹ́, a fẹ́ kó wọn jọ kó má bàa sọnù.

Kí Olódùmarè má jẹ̀ẹ́ ká rí egbò tí kò jinná. Àṣẹ.